Ajá Ògún Ń Họra: Ọ́ìlì Kọ́ńdẹ́mù Kọ́ Ni Oògùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ajá kéré jù fún ojú ìwé yìí. Bí a bá dárúkọ Ògún, ajá la máa ń dárúkọ tẹ̀ lé e. Ajá ló ń bá ọdẹ wọ igbó, ajá ló ń ṣọ́ ilé. Àwọn baba wa sì máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí àdúgbò lè gbọ́ ohun tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni ohun tí ojú ń rí láàárín àwa tiwa gan-an. Bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í họra, tí irun rẹ̀ ń re, tí awọ rẹ̀ ń pọ́n, tó sì ń rùn, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Wọ́n á gba ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi kun ajá láti orí dé ìrù. Àwọn mìíràn á da kẹrosíìnì sí i. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó lo omi bátìrì. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní oògùn Ògún ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo wa: kì í ṣe oògùn Ògún, kì í ṣe àṣà Yorùbá. Ìyà lásán ni a fi ń jẹ ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn a máa sọ pé Ògún ló ni irin, ara irin ni ọ́ìlì ti ń jáde, Ògún náà ló sì ni ajá, kí ló tún kù? Èsì mi ni pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì dé ilẹ̀ yìí nígbà tí àwọn ọdẹ wa ti ń tọ́ ajá. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ bí oògùn awọ. Ọ́ìlì tó ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì kó èérún irin àti májèlé mìíràn sínú. Ó ń jó awọ tó ti bó, ó ń gba ara wọlé, ajá á sì tún fi ahọ́n lá a mì. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ajá ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Bí ara yíyún náà bá rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rá ló bo awọ, bóyá kòkòrò díẹ̀ sì kú. Àrùn kò lọ, májèlé ló wá kún un.

Ara yíyún kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Èkúrú wà, èyí tí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí máa ń fà bó ṣe ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Irú èkúrú kan wà tó lè ràn mọ́ ènìyàn. Làpálàpá wà, òun náà sì lè ràn mọ́ àwọn ọmọdé inú ilé. Iná ara ajá wà, kòkòrò kékeré tí ń fò láti ara kan dé òmíràn. Eégbọn náà wà. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀kan wà tí kì í ràn rárá, tó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n ń ṣì mú jù lọ. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní àlẹ́jì.

Bí mo bá fẹ́ fi èdè awo ṣàlàyé rẹ̀, màá pè é ní èèwọ̀ ara. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ènìyàn méjì lè jọ jẹ oúnjẹ kan náà, kí ara ọ̀kan máa dán, kí ti èkejì sì wú. Ẹni tí ara rẹ̀ wú kò ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó sà sí i. Ohun tí ara rẹ̀ kò gbà ló pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ajá. Fún àwọn kan, itọ́ iná ara ni èèwọ̀ wọn: kòkòrò díẹ̀ lè gé irú ajá bẹ́ẹ̀ jẹ, kó máa fi eyín wá ìdí ìrù àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Fún àwọn mìíràn, oúnjẹ ni, bí ẹran màlúù, wàrà, adìyẹ tàbí àlìkámà. Fún àwọn yòókù, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú ilé ni: kòkòrò eruku tó ń gbé inú mátírẹ́ẹ̀sì àti kápẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun òdòdó, àti èbu. Ilé tó rin ni kòkòrò eruku àti èbu fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí ìgbà òjò fi lè le fún irú ajá bẹ́ẹ̀.

Àlẹ́jì ohun inú afẹ́fẹ́ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá bá wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 3. Ajá á máa lá ẹsẹ̀, á máa fi ojú nu ilẹ̀, etí rẹ̀ á máa pọ́n, abẹ́ apá àti ikùn rẹ̀ á máa yún. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìran kan ju òmíràn lọ, bí ajá Jámánì tí a ń pè ní Alsatian, Boxer àti Labrador. Ṣùgbọ́n ajá ilẹ̀ wa náà lè ní in. Awọ ajá tó ní in kò dí dáadáa. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ajá bá ti họ awọ yẹn bó, àwọn kòkòrò àrùn tó ti ń gbé jẹ́jẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Àwọn ló ń fa òórùn, àwọn ló ń fa ọyún, àwọn ló ń mú kí awọ dúdú kó sì nípọn bí ti erin.

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ajá mi ti ń họra. Àwọn kan ní ìyá àgbà tó wà lójúlé kejì ló fi ojú burúkú wò ó." Mo ní kó mú ajá náà wá ná, kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Nígbà tí mo ṣí irun ìdí ìrù rẹ̀ wò, iná ń sá kiri níbẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, má ba orúkọ ìyá oníyàá jẹ́. Mú ajá yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí o tó máa wá ẹni tó ṣe é." Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ awọ ajá fẹ́ gbé wa dé. Nítorí ohun tí ọṣẹ olóògùn àti oògùn iná lè bójú tó, obìnrin àgbà kan ì bá di àjẹ́ ládùúgbò. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé kó mọ́, a sì mọ ohun tí irú ẹ̀sùn yẹn ń fojú àwọn àgbà rí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ irú ara yíyún tó jẹ́. Dókítà ẹranko á ha awọ díẹ̀, á gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á wò ó bóyá èkúrú ni tàbí kòkòrò mìíràn. A ní irú wọn nítòsí. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn aládàáni náà wà káàkiri ìlú. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣókùnkùn, a kì í fi ojú dídì wò ó.

Bí ó bá jẹ́ àlẹ́jì, ọ̀pọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ wà lórí awọ gan-an. Èyí dára fún ìdí méjì. Èkíní, oògùn tí a fi pa ara á dé ibi tí àrùn wà tààrà. Èkejì, ó ń dín oògùn oníhóró tí ajá á máa gbé mì kù. Àwọn kòkòrò àrùn ti ń mọ oògùn lójú. Bí a bá ń fún ajá ní hóró lóṣooṣù, ọjọ́ ń bọ̀ tí hóró náà kò ní ràn án mọ́. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń rí sí àlẹ́jì lára ẹranko, tí wọ́n ń pè ní ICADA, tẹ ìlànà wọn jáde ní 2015. Wíwẹ ajá pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wà lára ohun tí wọ́n gbani níyànjú. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn òyìnbó fi ìwádìí rí kò jìnnà sí ohun tí àwa mọ̀: ìwẹ̀ jẹ́ ara ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ọṣẹ ju ọṣẹ lọ. Ṣampú tó ní chlorhexidine ń pa kòkòrò àrùn tí ń fa ọyún. Èyí tó ní miconazole tàbí ketoconazole ń pa irú èbu tí ń fa òórùn àti awọ dúdú. Àwọn kan ní méjèèjì pọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fi ọkà oat ṣe láti mú awọ rọ̀, tàbí tí wọ́n fi irú ọ̀rá tó wà nínú awọ ṣe láti di ògiri awọ padà. Dókítà ló máa sọ èwo ni ajá yín nílò. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó ṣe pàtàkì bí oògùn fúnra rẹ̀. Ẹ má lo omi gbígbóná, nítorí ooru ń mú kí ara yún sí i. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ tàbí lọ́wọ́ọ́wọ́ rin irun dé awọ. Ẹ fi ṣampú pa ibi tó burú jù lọ kí ẹ tó pa ibi tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wo aago, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á fi ọṣẹ kan ara, wọ́n á ṣàn án kúrò lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní oògùn náà kò jẹ́. Oògùn kò tíì fọwọ́ kan àrùn ni ẹ ti lé e lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣan gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ fi táwẹ̀lì nù ún gbẹ, ẹ má gbàgbé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí chlorhexidine wọ ojú tàbí inú etí, ó lè ba ibẹ̀ jẹ́. Bí kòkòrò àrùn bá ti wọ awọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a sábà máa ń wẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ara bá ti rọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ibì kan bá pọ́n tó sì ń gbóná, dókítà lè fún yín ní oògùn fífọ́n tàbí ìpara tó ní steroid. Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ibi tó ń yún nìkan la fi ń pa, fún iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ. Bí a bá ń lo steroid tó le láì dáwọ́ dúró, awọ á máa fẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí àṣà mímú ìpara oníṣẹ́ mẹ́ta tí ènìyàn ń rà ní kẹ́mísítì, kí a máa fi pa ajá. Ìpara ènìyàn kan wà tó ní zinc nínú. Bí ajá bá lá a, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa ajá, ẹ mọ̀ pé inú ikùn rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ fi ohun tó rí bí àrọ sí i lọ́rùn, tàbí kí ẹ dúró tì í títí oògùn á fi gbẹ.

Oògùn iná náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Ajá tí itọ́ iná jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, bí ẹ wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ tí ẹ kò pa iná, omi ni ẹ ń fi ṣòfò. Gbogbo ẹran tó wà nílé ni a ń tọ́jú papọ̀, a sì ń gbá ibi tí wọ́n ń sùn. Bí ó bá jẹ́ oògùn iná tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, ẹ fi nǹkan bí ọjọ́ méjì sáàárín òun àti ìwẹ̀, kí ọṣẹ má bàa ṣàn án lọ. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ má fi oògùn ajá tó ní permethrin kàn án rárá, nítorí ó lè pa á.

Àwọn kan á bi mí pé, "Baba, ewé wá dà? Ọ̀sanyìn ti sùn ni?" Ọ̀sanyìn kò sùn. Ṣùgbọ́n ewé kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ewé àsunwọ̀n òyìnbó dára fún làpálàpá, a ti ń lò ó tipẹ́, ó sì ń pa èbu awọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í lé èèwọ̀ ara lọ. Ewé kan náà yìí ń múni yàgbẹ́, nítorí náà, bí ẹ bá gún un pa ajá lára tó sì lá a, ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀ lé e. Ọṣẹ dúdú wa ńkọ́? Eérú la fi ń sè é, ó sì le. Ó dára fún ohun púpọ̀, n kò ní bú ọṣẹ tí mo fi ń ṣe iṣẹ́. Síbẹ̀, awọ ajá fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Bí a bá fi ọṣẹ dúdú fọ awọ tó ti bó, tí a tún fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ń ta á, ó sì ń gbẹ awọ sí i. Oníṣègùn tó mọ ewé dáadáa ni ẹni tó mọ ibi tí ewé rẹ̀ dé.

Ìbéèrè kejì le ju èyí lọ, n kò sì ní sá fún un. Wọ́n á ní, "Ajá tí a ó fi bọ Ògún lọ́la, kí ni a ń wẹ̀ ẹ́ fún?" Ẹ jẹ́ kí n bi yín padà: ta ló kọ́ yín pé ẹran aláàbùkù ni a ń gbé síwájú òrìṣà? Ẹbọ tí a fẹ́ kó fín, ara líle ni a ń fi rú u. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá lẹ́yìn ọdún Ògún, ta ló fẹ́ jẹ ẹran tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti rin? Ajá tó sì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, a kì í pa á jẹ, àfi bí dókítà bá sọ pé oògùn ti kúrò lára rẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ajá tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti ẹbọ. Ajá ọdẹ ni, ajá ilé ni, ó ti bá wa ṣọ́nà fún ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún. Ẹni tó sìn wá tó bẹ́ẹ̀ tí a wá fi májèlé kùn, Ògún tó ni ín ń wò wá.

Ti owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìlú le, ṣampú olóògùn kò sì pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹ ro gbogbo owó tí ẹ ti ná káàkiri pọ̀: ìpara kẹ́mísítì, abẹ́rẹ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà, àti ẹbọ tí Ifá kò yàn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tó ohun gbogbo lè bẹ̀rẹ̀ látorí oògùn iná àti ìwẹ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, tí ajá kò sùn lóru nítorí yíyún, oògùn inú wà tí dókítà lè fi kún un. Kí ẹ sì mọ̀ ṣáájú pé èèwọ̀ ara kì í sábà lọ pátápátá. Ìtọ́jú ọjọ́ pípẹ́ ni. Ẹni tó bá ṣèlérí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa fi wò ó, irọ́ ló ń pa, ì báà jẹ́ awo, ì báà jẹ́ dókítà.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀ jù. Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ ajá tó ń họra wá, ẹ má sáré gba owó ẹbọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ara ajá. Ifá kò ní kí a di ojú sí ohun tí ojú ń rí. Bí a ti ń rúbọ náà la ń ṣoògùn, ọ̀kan kì í gba iṣẹ́ èkejì. Ẹ̀yin olórí ọdẹ, ẹ fi òfin de ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko wá sí ìpàdé yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó bá yín wo àwọn ajá.

Bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ẹ jẹ́ kí àwa tó ni ajá jẹ́ ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ ń yún. Kí Ògún má fi irin rẹ̀ ṣe wá léṣe, kí Ọ̀rúnmìlà máa là wá lójú. Àbọrú, àbọyè o.